Ẹ wọn omi inú pákó yín kí ẹ tó gbé e gun òrùlé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé sí Ìkẹ́rẹ́, pé igi ni òpó àti òrùlé rẹ̀, ẹ wá ń béèrè bóyá ìrókò ló yẹ kí ẹ rà tàbí tíìkì. Màá débẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ igi kọ́ ló sábà máa ń ba irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́, omi inú igi ni.

Ìwé iṣẹ́ tí ẹnjiníà máa gbé wá á kọ ọ́ síbẹ̀ pé “igi líle tó gbẹ”. Ó parí síbẹ̀. Ta ló wọ̀n ọ́n? Pákó tí wọ́n là ní sọ́míìlì lọ́jọ́ Ajé, tí omi ṣì ń yọ lára rẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti ń kàn án mọ́ òkè. Ọ̀gá tí ìjọba rán wá yẹ iṣẹ́ wò á gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, á fọwọ́ sí ìwé, á lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí gan-an, torí owó ìlú ni.

Igi tútù kì í sunkì títí omi inú rẹ̀ á fi wálẹ̀ sí nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n igi gbígbẹ. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ló ń sunkì, ìbú rẹ̀ ló sì ń sunkì, gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Pákó oní-6 íǹṣì tó bá fi 4 nínú ọgọ́rùn-ún sunkì ti dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì. Bóòtù tó di igi náà mú kì í sún. Igi á wá ya lójú ihò bóòtù, nọ́ọ̀tù á dẹ̀, òrùlé á tẹ̀, páànù á lanu, òjò á sì máa rọ̀ sórí ìwé àwọn ọmọ yín.

Nítorí náà, ẹ gé ègé kékeré kan lára pákó, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹnu rẹ̀, torí ẹnu pákó máa ń gbẹ ṣáájú inú. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù. Ẹ gbé e sínú ààrò tí ooru rẹ̀ jẹ́ 103 sẹ́ńtígíréèdì, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Bó bá jẹ́ 130 gíráàmù tẹ́lẹ̀, tó wá di 100, omi rẹ̀ jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má gba ohunkóhun tó bá ju 18 lọ sí òrùlé.

Èyí tó bá tutù, ẹ tò ó sórí búlọ́ọ̀kù, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá oníǹṣì kan la àárín ìtò kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ bàtà 2 síra wọn, kí ọ̀pá òkè bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀ gẹ́lẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ pákó á wọ́. Páànù ni kí ẹ fi bò ó lórí, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ kun ẹnu pákó lọ́dà kí ọyẹ́ tó dé, torí ọyẹ́ máa ń là á.

Ẹ má jẹ́ kí káfíńtà fi óòlù ẹ́ńjìnnì jíjóná kùn ún. Kì í wọnú igi jinlẹ̀, iná ló ń ràn lọ́wọ́.

Fáúndéṣọ̀n, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ti òpó: ẹ má rì í mọ́ kọ́ńkéré. Bàtà irin ni kó dúró lé, kó ga tó 6 íǹṣì sílẹ̀, torí ìdí igi ń fa omi bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére, gbẹ́ sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, abẹ́ òrùlé àgbàlá ló wà nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí etí òrùlé tiyín náà yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà 3.

Bóòtù 12 mílímítà, ó kéré tán kí ihò rẹ̀ jìnnà tó 84 mílímítà sí ẹnu igi tí nǹkan ń fà. Wáṣà rẹ̀, irin pẹlẹbẹ tó ń wà lábẹ́ nọ́ọ̀tù, kó fẹ̀ tó 36 mílímítà, kó nípọn tó 4. Wáṣà kékeré tí wọ́n ń tà mọ́ bóòtù máa ń rì wọnú igi.

Àwọn panápaná á ní igi á jó. Igi líle tó nípọn máa ń jó wọlé ní nǹkan bí ìdajì mílímítà ní ìṣẹ́jú kan, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ó pọ̀ ló ń kọ́kọ́ rọ̀. Ẹ bo irin náà mọ́nú igi.

Ẹ̀n-ẹ́n, ìbéèrè yín. Tíìkì ni, èyí tí wọ́n gbìn lóko igi, tó ti dàgbà. Ìrókò inú igbó ti ń tán, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì máa ń yún ara, ó ń dí èémí àwọn tó ń là á, ẹ fi aṣọ bo imú wọn. Àmọ́ tíìkì kékeré tí wọ́n gé ní kùtùkùtù, ara funfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ikán á sì jẹ ẹ́ bíi ti igi mìíràn. Inú tó láwọ̀ bí oyin ni kí ẹ sanwó fún. Ẹ ṣí ẹnu pákó kọ̀ọ̀kan wò ní sọ́míìlì, kí ẹ tó gbé e sórí ọkọ̀.

Kí ayàwòrán ilé yín fi ìlẹ̀kùn kékeré kan sí àjà, tí èèyàn lè gba ibẹ̀ gùn. Lẹ́yìn oṣù 6, ẹni kan gbọ́dọ̀ lè wọ ibẹ̀ tòun ti sípánà, kó fún gbogbo nọ́ọ̀tù náà lẹ́ẹ̀kan sí i.