Ètò mi ń sọ pé àyè ti fẹ́ẹ́ tán

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Java ni mo fi kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ọjà ní ṣọ́ọ̀bù màmá mi. Mo ní kó máa tẹ freeMemory(), ìyẹn iye àyè ìrántí tó ṣì ṣófo, jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà náà á máa já wálẹ̀, àyà mi náà á máa já, àfi bó ṣe tún fò sókè lójijì. Kí ló ń ṣe é? — T.A., Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: T.A., fọkàn balẹ̀. Java ní agbálẹ̀ tiẹ̀: tí ohun tí ètò ò lò mọ́ bá ti pọ̀, á palẹ̀ wọn mọ́, àyè á sì ṣí. Ìdí tí nọ́ńbà fi ń fò sókè nìyẹn.

freeMemory() gan-an ló ń dẹ́rù bà ọ́ lásán. Kìkì àyè tí Java ti gbà sọ́wọ́ ló ń wò, ìyẹn totalMemory(). Ibi tó lè gbà á dé wà nínú maxMemory(). Yọ free kúrò lára total, kó o fi èyí tó kù wé max. Ká ní total jẹ́ 256MB, free jẹ́ 16MB: 240MB lò ń lò. Bí max bá jẹ́ 2048MB, kí ló ń lé ọ?

Èyí tó yẹ kó o ṣọ́ ni iye tí ò ń lò lẹ́yìn tí agbálẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bí ìyẹn bá ń ga sí i látàárọ̀ dalẹ́, ó ní ohun tí ètò rẹ dì mú tí kò fẹ́ jù sílẹ̀. Lọ wo àwọn list àti map rẹ, ìyẹn ibi tí ètò rẹ ń kó nǹkan jọ sí.

Má sì máa pe System.gc(), ìyẹn àṣẹ tó ń ké sí agbálẹ̀ náà, ní gbogbo ìgbà o. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ti ń yún ọ.