VI tó wà lẹ́yìn ṣájà mi ńkọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ṣájà láptọ́ọ̀pù tuntun, mo wá rí VI lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní fóòltì mẹ́fà ni, pé á ba láptọ́ọ̀pù mi jẹ́, kí n yáa dá a padà. Àwọn ṣájà mi àtijọ́ ò sì ní nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ lára, ṣé ìjọba ò ní fìyẹn mú mi báyìí? – Ìyá Ìbejì, Houston

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má dá nǹkan kan padà o jàre. Ẹ bá wa kí ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ibi tí wọ́n ń wò kọ́ ni fóòltì wà. Ẹ wo iwájú OUTPUT, 19V tàbí 20V lẹ máa rí níbẹ̀, ìyẹn lẹ máa fi wé ti láptọ́ọ̀pù yín. VI yẹn, mẹ́fà ni lóòótọ́, òǹkà àwọn ará Róòmù, ṣùgbọ́n ìpele ni, ó ń sọ bí ṣájà ṣe mọ iná ṣọ́ ná tó.

Ṣé ẹ rí i, ṣájà tẹ́ ẹ kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ ò fi sára fóònù, kò sùn o, ó ń mu iná lábẹ́lẹ̀. Àwọn ti ayé ọjọ́sí ló burú jù, àwọn tó wúwo bí òkúta yẹn, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án á ti gbóná, iná tẹ́ ẹ sanwó ẹ̀ ló di ooru yẹn. California ló kọ́kọ́ gbé òfin lé e, ti ìjọba àpapọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2008, wọ́n ní èyí tí ò bá gbé nǹkan kan kò gbọdọ̀ mu ju ìdajì wáàtì lọ. Láti oṣù kejì 2016 ni wọ́n ti gbé e dé VI: ṣájà tí ò ju wáàtì 49 lọ, 0.1 wáàtì péré, ti láptọ́ọ̀pù tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀, 0.21.

Ká má purọ́, tí ṣájà bá mu ìdajì wáàtì tọ̀sán-tòru fún odidi ọdún kan, yúníìtì mẹ́rin àti díẹ̀ ni, kò tó owó búrẹ́dì. Àmọ́ ẹ ka ṣájà tó wà nílé yín nìkan, ká tó wá lọ sílé aládùúgbò, ìdí nìyẹn tí Department of Energy, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná, fi gbá àwọn tó ń ṣe é àti àwọn tó ń kó o wọ̀lú mú, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ máa lo ti àtijọ́ yín lọ, kẹ́ ẹ ṣáà máa yọ ọ́ lára ògiri.

Ẹ sì jọ̀ọ́, VI ò sọ pé ṣájà ò lè gbiná o! Àmì UL, ti àwọn tó ń yẹ ohun èlò wò bóyá ó léwu, lẹ máa wá nítorí ìyẹn.