Nọ́ọ̀sì tí kò tíì bímọ àti Màmá tó tọ́ ọmọ 7: ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìyá Ìkókó láti Ìbàdàn kọ̀wé pé àkọ́bí òun pé ọ̀sẹ̀ 5. Ìyá ọkọ rẹ̀, ẹni ọdún 71, wá bá wọn wẹ ọmọ, ó sì ní kí wọ́n máa fún un lómi àti àgbo. Nọ́ọ̀sì ní ọmú nìkan ni títí oṣù 6. Ọkọ ní, "Ṣé nọ́ọ̀sì tí kò tíì bímọ ló máa kọ́ màmá mi?" Ìyá Ìkókó wá béèrè pé: "Ṣé irọ́ ni pé ọ̀dọ̀ àgbà lọgbọ́n wà ni?"

Ọmọ mi, o kú ewu ọmọ.

Mi ò ní fepo bọyọ̀: lórí ọ̀rọ̀ omi, nọ́ọ̀sì ni kó o gbọ́ tirẹ̀. Ó lé ní ìdá 80 nínú 100 omi ọmú tó jẹ́ omi, nítorí náà òùngbẹ tí Màmá ń bẹ̀rù, ọmú ti ń pa á. Ikùn ìkókó kéré. Bí omi bá ti gba ibẹ̀, kò ní mu ọmú dáadáa, bí kò bá sì mu ún, ọmú ò ní sun bó ṣe yẹ. Omi tí kò mọ́ tún lè fa ìgbẹ́ gbuuru. Ti àgbo, ta ló mọ ìwọ̀n tí kíndìnrín ọmọ ọ̀sẹ̀ 5 lè gbà? Bó bá ń tọ̀ tó ìgbà 6 lójúmọ́, tó sì ń sanra, ó ń yó.

Ṣùgbọ́n má torí ìyẹn ka Màmá sí aláìmọ̀kan. Nígbà tó ń bímọ, àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn ló ń fún ìkókó ní omi gúlúkóòsì láwọn ilé ìwòsàn kan. Ọdún 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ní kó jẹ́ ọmú nìkan fún oṣù 6 gbáko. Ọmọ tó mu omi tó sì yè, gbogbo ilé ló rí i. Èyí tó yàgbẹ́ kú, wọ́n pè é ní àbíkú, kò sẹ́ni tó wo ife omi. Ohun tí àgbà ti fojú rí láìmọye ìgbà, tó sì rí òpin rẹ̀, ibẹ̀ lọgbọ́n rẹ̀ wà.

Ìyá ọkọ tèmi náà fún àkọ́bí mi lómi. Ọmọ yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì bínú sí i gidi. Kò pẹ́ sígbà náà, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ ń ké lórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò yíjú. Ọkọ mi ní ó rẹ̀ mí ni. Ìyá rẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Ó gbé ọmọ, ó bu omi gbígbóná sínú báàfù, ó ń fọ ẹsẹ̀ mi, ó ń wo ojú mi. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níta: "Má fi obìnrin yìí sílẹ̀ lóun nìkan. Mo ti rí irú èyí lára àbúrò mi." Orí ẹní nínú yàrá mi ló ń sùn títí wọ́n fi mú mi dé ọ̀dọ̀ dókítà, tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó máa ń bá abiyamọ ni. Obìnrin tó ṣìnà lórí ife omi ló gbà mí là.

Sọ fún ọkọ rẹ pé nọ́ọ̀sì yẹn ò dá ọgbọ́n rẹ̀ gbọ́n. Ohun tí wọ́n rí lára àìmọye ọmọ ló ń sọ. Òun ni kó bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kì í ṣe ìwọ. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyàwó tètè máa ń dìjà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọmọ á gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6. Ẹ mú Màmá dání, kó fẹnu ara rẹ̀ bi nọ́ọ̀sì. Ìwẹ̀ ọmọ, gbígbé e sí èjìká kó gùnfẹ̀, ọbẹ̀ ata tìrẹ, fi gbogbo ẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ lẹ́tà rẹ tó o kàn sọ kọjá: o ní oorun kì í kùn ọ́ mọ́, kódà bí ọmọ bá sùn. Kúnlẹ̀, kó o sọ ìyẹn fún Màmá lálẹ́ òní. Sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì náà.