Ẹ wo ojú písítìnì kí ẹ tó tún fa okùn rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ra ẹ́ńjìnnì ìgégi àlòkù kan. Bí mo bá gbé e dání lásán, ó ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fi kan igi báyìí, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á sì kú. Ẹni tó tà á fún mi ní sàléńsà rẹ̀ ló dí. Nọ́ọ̀tì sàléńsà náà kan tún ti já sọnù. Ṣé kí n kàn nu ún kí n máa báṣẹ́ lọ, àbí ẹ́ńjìnnì yẹn ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló sọ fún yín. Bí sàléńsà bá dí, èéfín ò ní rọ́nà jáde, agbára ẹ́ńjìnnì á sì lọ sílẹ̀. Àmọ́ bí ara písítìnì, ìyẹn irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, bá ti ha, bó ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tan án mọ́ títí ẹ ó fi wo inú rẹ̀. Ìtura tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ ò ní tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀: ẹnu ibi tí sàléńsà jókòó sí gan-an la ti ń wo písítìnì.

Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, kí ẹ wá tú sàléńsà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tí èéfín ń gbà jáde, kí ẹ máa rọra fa okùn náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí písítìnì tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín tó nà ní ìbú, bí wọ́n ṣe rọ ọ́ nìyẹn, ẹ má dààmú. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ìlà tó fín lóòró, bí ìgbà tí ológbò fi èékánná ya nǹkan. Ẹ tún fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ ríǹgì rẹ̀, irin tín-ín-rín tó yí i ká: ó yẹ kó wọlé díẹ̀ kó sì ta padà. Bí kò bá mì rárá, ó ti lẹ̀ nìyẹn.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ń dán, ẹ dúpẹ́. Ẹ yọ àwọ̀n wáyà kékeré tó wà lẹ́nu sàléńsà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ èédú ara rẹ̀, kí ẹ sì dá a padà, torí òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀ta iná fò jáde sínú koríko gbígbẹ. Bí èédú bá wà lẹ́nu ihò, ẹ fa písítìnì sókè kó dí i, kí ẹ fi igi họ ọ́. Ẹ má fi irin họ ọ́ o. Nọ́ọ̀tì tó sọnù yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀: sàléńsà tó ń mì á jẹ ojú ihò nọ́ọ̀tì run, iná á sì máa fẹ́ lu ike ara ẹ́ńjìnnì.

Bí ó bá ti ha ńkọ́? Ẹ má tíì ra písítìnì tuntun. Bó bá jẹ́ apá ihò èéfín nìkan ló ha, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé níbi tí kò yẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí: rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì tó ti ya, síìlì ìdí kíráńkì (ìyẹn rọ́bà tó ń dí afẹ́fẹ́ nídìí irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) tó ti gbẹ, tàbí ọ̀pá epo tó ti sán. Bó bá ha yíká, ó sábà máa ń jẹ́ pé epo tí kò ní ọ́ìlì ni wọ́n dà sí i. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́, mo pààrọ̀ písítìnì fún oníbàárà kan láìwo síìlì. Kò pẹ́ rárá tí tuntun náà fi ha. Ó dùn mí gan-an, torí owó ẹni ẹlẹ́ni ni mo fi ṣòfò.

Ẹ fi èékánná wọ́ ara inú sílíńdà, ìyẹn ihò tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀. Bí ó bá kọ́ yín léèékánná, tí ẹ sì rí i pé awọ líle inú rẹ̀ ti bó, àti sílíńdà àti písítìnì lẹ ó pààrọ̀.

Bí ẹ bá rí ẹni tó ní géèjì tí wọ́n ń dè mọ́ ojú púlọ́ọ̀gì, kó bá yín wọn bí písítìnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó; psi ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Lára ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì yìí, 120 psi sókè dára. Bí kò bá tó 100, agbára ti tán níbẹ̀.

Epo tí ẹ bá nínú táǹkì rẹ̀, ẹ dà á nù. Ẹ po tuntun: ọ́ìlì two-stroke 20 mílílítà sí lítà bẹntiróòlù 1, àyàfi bí ìwé ẹ́ńjìnnì náà bá sọ ọ́ yàtọ̀. Tí ẹ bá ti wo inú rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi padà, kí ẹ sì sọ apá ibi tí ìlà náà wà.