Ìdajì òkú ló de bẹ́líìtì? Ẹ ka àwọn alààyè náà

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n yín tí wọ́n ń na Ìlọrin sí Òmù-Àrán kì í de bẹ́líìtì mọ́, torí wọ́n kà á pé ní Amẹ́ríkà, ìdajì àwọn tí jàǹbá pa nínú mọ́tò ló dè é. Kì í ṣe irọ́. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn ní 2021. Àmọ́ òkú nìkan ni wọ́n kà. Nínú gbogbo àwọn tó ń jókòó níwájú mọ́tò lọ́hùn-ún, mélòó ló ń de bẹ́líìtì? Nǹkan bí 90 nínú 100 ni lọ́dún náà.

Ká ní èrò 1,000 gbéra ní gáréèjì, 900 de bẹ́líìtì, 100 kò dè é. Jàǹbá ṣẹlẹ̀ (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), ẹni 9 kú lápá kọ̀ọ̀kan. Ìdajì sí ìdajì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n 9 nínú 900 jẹ́ ẹyọ kan nínú 100. 9 nínú 100 ń kọ́? Ìlọ́po mẹ́sàn-án!

Kì í ṣe bẹ́líìtì nìkan ló fa gbogbo ìyàtọ̀ yẹn o. Ẹni tí kì í dè é sábà máa ń sá eré àsápajúdé pẹ̀lú. Síbẹ̀, àwọn tó ń ṣèwádìí jàǹbá níbẹ̀ ṣírò pé ó ń dín ewu ikú ẹni tó jókòó níwájú mọ́tò kékeré kù ní ìwọ̀n 45 nínú 100. Ìyẹn ò kéré rárá.

Ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n. Kí wọ́n dè é láti gáréèjì, kó dún kọ̀ọ́ nínú ihò rẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n kàn fà á sáyà nígbà tí wọ́n bá rí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Àjàṣẹ́ Ìpo.