Ẹ̀fọ́ inú fírísà: kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn fúráìdì ráìsì, mo sì tún máa ń gba iṣẹ́ oúnjẹ kéékèèké, bí ọjọ́ ìbí àti ìsọmọlórúkọ, níbí ní Àkúrẹ́. Mixed vegetable inú fírísà ni mo máa ń rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ti da kárọ́ọ̀tì, gírínpíìsì, gírínbíìnsì àti swíìtì kọ́ọ̀nù pọ̀. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí mo ra ọ̀rá méjì. Déètì ara wọn kò tíì kọjá, àmọ́ bí mo ṣe dà wọ́n sínú ìkòkò báyìí, omi ló ń sun, kárọ́ọ̀tì ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ó sì ní òórùn páálí. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó dáa kí n tó sanwó? Ṣé ó tiẹ̀ ń ṣe ara lóore tó ti ọjà? Ìyá Ayọ̀, Òkè-Àró.

Ìdáhùn: Ìyá Ayọ̀, ẹ kú ìnáwó o. Déètì tí ẹ wò yẹn kò purọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò parí. Ohun tí ilé iṣẹ́ tó di ẹ̀fọ́ náà ń sọ ni pé yóò dára títí di ọjọ́ báyìí, *bí ó bá wà nínú òtútù −18°C* láti ọ̀dọ̀ àwọn títí dé ọ̀dọ̀ yín. Apá kejì yìí ni ọ̀pọ̀ wa kì í kà. Òkèèrè ni púpọ̀ nínú mixed vegetable tó wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì wa ti wá. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó gúnlẹ̀ sí Èkó, ó wọ mọ́tò, ó gba ojú ọ̀nà Iléṣà dé Àkúrẹ́, ó wá bọ́ sínú fírísà tó jẹ́ pé iná ọba àti jẹnẹrétọ̀ ló gbójú lé. Ibikíbi tí òtútù bá ti já lójú ọ̀nà yìí, ibẹ̀ ni ẹ̀fọ́ ti bàjẹ́, déètì kò sì ní yí padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé fírísà ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó wo ọ̀rá. Déètì ló kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe kárọ́ọ̀tì yín. Nílé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á fọ ẹ̀fọ́, wọ́n á gé e, wọ́n á wá bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 1 sí 3. Wọn ò tíì sè é o. Èròjà kan wà nínú ewébẹ̀ tó máa ń mú kó ṣá, kí adùn rẹ̀ sì máa lọ. Òtútù kì í pa á, ṣe ló kàn ń mú un falẹ̀. Omi gbígbóná yẹn ló ń pa á. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lómi, wọ́n á tú atẹ́gùn tó tutù gidigidi lù ú, tó fi jẹ́ pé kóró gírínpíìsì kọ̀ọ̀kan á dì lọ́tọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí pé ó yára dì, yìnyín inú rẹ̀ á kéré, á lẹ́búlẹ́bú, kò ní ba ẹran ara ẹ̀fọ́ náà jẹ́. Clarence Birdseye, ará Amẹ́ríkà tó sọ ọgbọ́n yìí di òwò, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Labrador ní Kánádà ló ti rí i pé ẹja tó bá yára dì nínú òtútù líle kì í yàtọ̀ sí tútù bí wọ́n bá sè é. Ọdún 1930 ni ọjà rẹ̀ kọ́kọ́ dé orí àtẹ ní Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts.

Wàyí o, iná lọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀fọ́ yọ́. Iná dé, ó tún dì, àmọ́ fírísà ṣọ́ọ̀bù kò lágbára tó ti ilé iṣẹ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń dì í. Yìnyín tó bá dì díẹ̀díẹ̀ máa ń tóbi, ẹnu rẹ̀ máa ń mú, á sì ya ẹran ara kárọ́ọ̀tì láti inú. Omi tó sun nínú ìkòkò yín, omi inú kárọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ni. Ní ti òórùn páálí yẹn, ó lè jẹ́ pé wọn ò bọ̀ ọ́ dáadáa nílé iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ jù nínú òtútù tó ń lọ tó ń bọ̀. Èyíkéyìí tó bá jẹ́ nínú méjèèjì, iná ìdáná kò lè tún un ṣe.

Tí ẹ bá dé ìdí fírísà, ẹ má tíì na ọwọ́. Ẹ wo ilẹ̀ ìdí rẹ̀, bóyá omi ń jò. Ẹ wo tẹmómítà, bí wọ́n bá ní. −18°C tàbí kó lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ló yẹ kó wà. Nínú àwọn fírísà tó ṣí lókè, ìlà kan máa ń wà lára ògiri inú rẹ̀ tó ń sọ ibi tí ẹrù gbọ́dọ̀ ga dé. Ọ̀rá tí wọ́n bá tò kọjá ìlà yìí, ojú lásán ló wà nínú fírísà, òtútù kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ìlà ni kẹ́ ẹ mú. Àmọ́ tí ẹ bá ri ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ pátápátá, tí ẹ rí i pé àwọn ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ pèpéle yìnyín kan, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Omi tó yọ́, tó ṣàn lọ sísàlẹ̀, tó tún dì ló ṣe é. Fírísà yẹn ti kú rí.

Ọgbọ́n kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju tẹmómítà lọ: ẹ wo áísìkirímù. Bí ó bá wà nínú fírísà kan náà tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ gbé ike rẹ̀ kan sókè kẹ́ ẹ wò ó. Bí áísìkirímù bá ti rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tó ti wálẹ̀ nínú ike tí yìnyín sì bo ojú rẹ̀, ó ti yọ́ rí. Òun ló máa ń tètè yọ́ jù nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, nítorí náà kò sí bí ó ṣe lè bo àṣírí iná tó lọ. Ẹ tún lè bi àwọn tó ń tajà bóyá wọ́n máa ń pa fírísà lálẹ́. Àwọn kan ń pa á kí dísù má baà tán, mo ti bá a pàdé lẹ́nu iṣẹ́ mi. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ẹ̀rín. Àwọn ọmọ ìdí ọjà kì í mọ irọ́ pa tó ọ̀gá wọn. Ẹ má sì rò pé ṣọ́ọ̀bù ńlá ni kò ní wàhálà. Ẹni tó wà lórí Band A pàápàá, ìyẹn ìpele tí iná ọba ti ń pẹ́ jù, wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún un, mẹ́rin ṣì kù. Ibi tí ọjà ti ń yá, tí ẹrù kì í pẹ́ nílẹ̀, ni mo fara mọ́, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Alágbàká.

Ó wá kan ọ̀rá. Ẹ gbé e, ẹ mì ín. Ó yẹ kó dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kí kóró inú rẹ̀ máa yí gbirigbiri lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá kan èyí tó ṣù díẹ̀, ẹ fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́. Tó bá fọ́ pẹ́ẹ́, kò sí nǹkan tó ṣe é. Àmọ́ bí ọ̀rá náà látòkè délẹ̀ bá ti di búlọ́ọ̀kù kan, ó ti yọ́, ó sì tún ti dì. Ewé ni mo yọ sílẹ̀ nínú òfin yìí: ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń ṣù spinach pọ̀ kó tó dì í, nítorí náà ṣíṣù rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ọ̀rá bá mọ́lẹ̀ gaara, ẹ wo inú rẹ̀. Yìnyín fẹ́ẹ́rẹ́ kò burú, àmọ́ bí ó bá ti pọ̀ bí iyọ̀ tí wọ́n dà sí ìdí ọ̀rá, omi ẹ̀fọ́ ló jáde wá dì síbẹ̀. Bí ẹ bá rí ojú funfun gbígbẹ lára gírínbíìnsì, òtútù ló fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Kò lè pa èèyàn, àmọ́ yóò le lẹ́nu bí okùn, kò sì ní dùn. Ọ̀rá tó bá lu, tàbí tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀, ẹ má bá a fa ọ̀rọ̀.

Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò gba àkókò. Ẹ̀fọ́ nìkan ló yẹ kó wà nínú àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Bí ẹ bá rí iyọ̀, ṣúgà tàbí ọbẹ̀ onísítáàṣì, òmíràn lẹ̀ ń rà yẹn. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC, tilẹ̀ òkèèrè àti tilé bákan náà. Ẹ fi ìka pa ojú déètì, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá sítíkà ni wọ́n lẹ̀ bo ti tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá sì ń fi owó ọ̀rá méjì wéra, ìwọ̀n gíráàmù ni kẹ́ ẹ fi wé e, torí pé ọ̀rá tó fẹ̀ lè má ju 400g lọ.

Ọ̀kan wà tí n kì í gbà rárá: èyí tí ṣọ́ọ̀bù fúnra wọn tú láti inú páálí ńlá, tí wọ́n pín sínú ọ̀rá funfun lásán, tí kò ní orúkọ, tí kò ní déètì. Ó máa ń dín owó díẹ̀, mo mọ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ fún yín ìgbà tí wọ́n tú u, iye wákàtí tó lò lórí tábìlì, tàbí ọwọ́ tó pín in. Ẹ̀yin tí ẹ ń se oúnjẹ fún àwùjọ, ẹ má fi orúkọ yín ta irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Ní ti oore ara, bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣe ara lóore. Fítámìnì C díẹ̀ máa ń bá omi gbígbóná lọ nílé iṣẹ́, àmọ́ èyí tó kù kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù mọ́ bí òtútù kò bá já. Kárọ́ọ̀tì tó ti Jọ́ọ̀sì wá sí ọjà Ṣáṣá náà ti rìn, oòrùn sì ti pa á. Gírínpíìsì àti swíìtì kọ́ọ̀nù, ti inú fírísà ni mo fara mọ́, nítorí pé bí wọ́n bá ti kúrò lóko báyìí ni ṣúgà inú wọn ti ń di sítáàṣì, a kì í sì í rí tútù wọn tó dáa rà lọ́jà wa lọ títí. Kárọ́ọ̀tì, bó bá jẹ́ tútù ló dáa lọ́jà lọ́jọ́ náà, ẹ ra tútù. Ewé ńkọ́? Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewúro tí wọ́n já láàárọ̀ ń bẹ ní Ọjà Ọba, ẹ wá ń fowó ra spinach òkèèrè inú yìnyín! Ẹ tiẹ̀ dán ẹbòlò inú fírísà wò fún ará Oǹdó, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí yóò sọ.

Bí ẹ bá ti ra èyí tó dáa, ẹ̀yin náà ẹ má bà á jẹ́. Òun ni kẹ́ ẹ mú kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó lọ sanwó. Ẹ kó wọn pọ̀ sójú kan pẹ̀lú ẹja tútù kí wọ́n lè mú ara wọn tutù, ẹ fi bébà ìwé ìròyìn wé wọn bí ẹ kò bá ní kúlà, kẹ́ ẹ sì gba ilé lọ tààrà. Bí iná bá lọ nílé, ẹ má ṣí fírísà wò. Fírísà tó kún dáadáa lè mú òtútù dúró fún nǹkan bí wákàtí 48 bí wọn ò bá ṣí i. Èyí tó kún dé ìdajì, nǹkan bí wákàtí 24. Bí ẹ bá wá ṣí i tí yìnyín ṣì wà nínú ẹ̀fọ́ náà, ẹ lè sè é tàbí kẹ́ ẹ dá a padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò rọ̀ díẹ̀ sí i. Bí ó bá ti yọ́ tán, tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ohun tó ju wákàtí 2 lọ, ẹ dà á nù. Fún fúráìdì ráìsì, ẹ má jẹ́ kó yọ́ kẹ́ ẹ tó dà á sórí iná. Láti inú ọ̀rá sínú òróró gbígbóná ni, nínú páànù tó fẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ má sì dé e, kí omi lè máa gbẹ lọ.

Ẹ kò béèrè nípa sàláàdì, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nítorí pé mo ń rí i ní òde ìsọmọlórúkọ: wọ́n á kó swíìtì kọ́ọ̀nù láti inú fírísà, wọ́n á jẹ́ kó yọ́, wọ́n á dà á lé kábéèjì lórí láìsè é. Ti inú agolo, wọ́n ti sè é; ti inú fírísà, bíbọ̀ lásán ni wọ́n bọ̀ ọ́. Òtútù kì í pa kòkòrò àìfojúrí, ṣe ló ń dá a dúró, èyí tí wọ́n ń pè ní Listeria sì máa ń pọ̀ sí i nínú fíríìjì pàápàá. Láti 2015 ni àìsàn tí kòkòrò yìí ń fà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn èèyàn ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Yúróòpù. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà 2018, ó ti mú èèyàn 47, mẹ́sàn-án sì ti kú. Àgbàdo inú fírísà láti ilé iṣẹ́ kan ní Hungary ni wọ́n tọpa rẹ̀ dé. Aláboyún, ọmọ ọwọ́ àti àgbàlagbà ló máa ń bá jà jù, àwọn gan-an ló sì máa ń pọ̀ ní òde ìsọmọlórúkọ. Nítorí náà, ẹ da swíìtì kọ́ọ̀nù àti gírínpíìsì sínú omi tó ń hó, kí omi náà tún hó padà, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2 sí 3, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ dé e sínú abọ́ tó mọ́, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì títí di ìgbà tí ẹ máa pò ó. Bí risíìtì ọ̀rá méjì yẹn bá sì ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé ìyókù rẹ̀ padà lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n rí i.