Kí àtọ̀ máa tètè dà: ṣé kádàrá ni kí n gbà á sí?

Ìbéèrè: Asalaamu alaikun, Alfa. Òṣogbo níbí ni mò ń gbé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so yìgì wa, bí mo bá súnmọ́ ìyàwó mi, kì í pé ìṣẹ́jú kan tí àtọ̀ mi á ti dà. Ìgbà mìíràn, mi ò tíì wọlé rárá. Ọ̀rẹ́ mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó gbé paraga wá fún mi. Ẹlòmíì ní kí n gba kádàrá. Kí ni kí n ṣe? Bó bá sì dà níta, ṣé màá wẹ ìwẹ̀ jánábà?

Ìdáhùn: Waalaikun salaam, arákùnrin mi. Ẹ má tijú. Nígbà tí Ummu Sulaym, obìnrin kan tó gbé ayé nígbà Ànábì, fẹ́ bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bóyá obìnrin tó bá lá àlá ìbálòpọ̀ máa wẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé Ọlọ́hun kì í tijú òdodo.

Ìdajì ọ̀rọ̀ lẹni tó ní kí ẹ gba kádàrá sọ. Ànábì ní kí á máa tọ́jú ara wa, pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́hun kò dá oògùn rẹ̀, àfi ọjọ́ ogbó. Ìyàwó yín náà lẹ́tọ̀ọ́ sí adùn oorun ọmọlúàbí yìí, torí náà òun ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, kí ọ̀rẹ́ tó gbọ́.

Ẹ da paraga yẹn nù. Ọtí ni wọ́n fi rẹ egbòogi inú rẹ̀, ẹni tó sì sọ fún Ànábì pé oògùn lòun ń fi ọtí ṣe, èsì tó gbà ni pé kì í ṣe oògùn, àìsàn ni. Ońdè ìbàdí, ẹbọ ni. Tramadol tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ ní gáréèjì lè fa dídà sẹ́yìn lóòótọ́, àmọ́ ó ń di bárakú, ó ń fa gìrì, ó sì lè pààyàn.

Ẹ lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Asubiaro kò jìnnà. Ọ̀nà kan wà tí dókítà ará Amẹ́ríkà kan, James Semans, kọ nípa rẹ̀ ní 1956: kí ìyàwó máa fi ọwọ́ ṣe é, bó bá kù díẹ̀ kó dà, kó dáwọ́ dúró títí ara á fi rọlẹ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń ní kí ọkùnrin dá a ṣe. Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ẹ̀sìn kò fàyè gba ìyẹn, ẹ̀yin sì níyàwó. Ìpara lidocaine náà wà, ó ń dín bí ara ṣe ń gbọ́ ọ sí kù. Ẹ nù ún kúrò kí ẹ tó wọlé, kí ara ìyàwó má baà kú tìpiri. Àwọn oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, bíi paroxetine, máa ń fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n dókítà ni kó kọ ọ́, ẹ má dá a rà ní kẹ́míìsì. Nínú Rámádáánì, láàárín ìṣínu àti sààrì ni kí ẹ lò ó.

Ní ti ìwẹ̀: bí àtọ̀ bá ti dà pẹ̀lú adùn, ẹ máa wẹ̀, ì báà dà níta. Omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń ṣáájú kò la ìwẹ̀ lọ. Ẹ fọ ojú ara, kí ẹ ṣe àlùwàlá. (Aliyy pàápàá tijú láti bèèrè èyí, torí ọmọ Ànábì ló fẹ́, Mikdaad ló rán.) Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa wẹ̀, kódà bí kò dà. Ṣùgbọ́n bó bá dà kí ẹ tó wọlé, tí ìyàwó yín kò sì rí omi tirẹ̀, kò sí ìwẹ̀ lọ́rùn rẹ̀.